Kílọ́ọ̀ṣì Ẹ́ńjìnnì Ìyá Àdìgún

"Ta ló ń dín nǹkan níbí o?"

Obìnrin ará Dogarawa kan tó gbé igbá ọkà bàbà sórí ló béèrè, ó ń na imú sókè bí ẹni tó ń wá ilé ọdún. Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ebi ló ń pa á. Òmíràn fi Hausa sọ fún un pé kó ní sùúrù, tuwo ń bọ̀, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n lọ ọkà ná. Ariwo ẹ́ńjìnnì ló bo ìyókù ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀.

Ìdíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti ọlọ, ìyẹ̀fun ti sọ ojú àti apá rẹ̀ di funfun, ó ń da ọkà sẹ́nu ọlọ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ etí rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ ọkà. Òun náà ti gbóòórùn ohun tí obìnrin yẹn gbóòórùn. Èyí tó wá burú ni pé ó tún ń gbọ́ nǹkan mìíràn. Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Inú kílọ́ọ̀ṣì ló ti ń wá, ìyẹn irin roboto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Òun ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń gbé e fún bẹ́líìtì kí ọlọ tó lè yí. Láàárọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́ ni kílọ́ọ̀ṣì yìí ń ṣe tirẹ̀. Ní báyìí, ó ti ń kanlẹ̀kùn.

"Ìwọ, má dójú tì mí o," ni Ìdíátù wí fún un. "Bó jẹ́ ọ̀la ni, mo gbà. Lónìí kọ́."

Ẹ́ńjìnnì náà, ti Ìyá Àdìgún ni, ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni ìyá náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Zaria débi pé Hausa ló fi ń bá àwọn adìẹ rẹ̀ jà. Obì ló tà lọ́jà Sabon Gari títí irun rẹ̀ fi funfun kó tó ra ẹ́ńjìnnì ìlọkà yìí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín orúkọ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, sàárà ni. Ẹni tó bá gbé ọkà wá, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọn yóò bá a lọ̀ ọ́, Hausa o, Yorùbá o, Ìgbò o, ará Dakace o, ará Tudun Wada o. Ìdí nìyí tí ìlà fi gùn dé abẹ́ igi dongoyaro lẹ́bàá títì, tí ọyẹ́ ń fẹ́ erùpẹ̀ sí wọn lójú, tí wọn kò sì lọ.

Àṣà kan wà nílé Ìyá Àdìgún tí kò gba àríyànjiyàn: ohun tuntun kì í dákẹ́ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Láti òwúrọ̀ títí òòrùn yóò fi wọ̀, kò gbọdọ̀ sinmi. Bí wọ́n bá ṣí ìsọ̀ tuntun, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í padé, ńṣe ni wọ́n máa ń gba ara wọn sílẹ̀ lọ kírun. Nígbà tí Túnráyọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ra ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ tán nílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó di kí wọ́n máa rán àkísà mọ́ àkísà títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn aládùúgbò fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ìyá Àdìgún kò yí àṣà rẹ̀ padà. Ó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Àṣà yìí náà ni wọ́n sì gbé ka Ìdíátù lórí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé, Wahab, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń tún bàsíkùlù ṣe létí ọjà, ní òun ni kí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ó ní níbo ni wọ́n ti rí obìnrin tó ń mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ rí? Ìdíátù ní Dakace ni. Nílé Bàbá Oyèbámijí tí òun ti dàgbà, ta ló ń mójú tó ẹ́ńjìnnì ìlọkà bí bàbá náà bá lọ sí Kano? Àbí ẹ́ńjìnnì máa ń béèrè pé ta ló wọ ṣòkòtò ni? Ìyá Àdìgún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ló bá fa ẹ́ńjìnnì lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan tì í lẹ́yìn.

"Àmọ̀kẹ́," ó pe oríkì rẹ̀, "ọjọ́ àkọ́kọ́ ni n ó fi mọ̀. Bó bá dákẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ kí òòrùn tó wọ̀, Wahab ni yóò gbà á, mi ò sì ní gbọ́ àlàyé."

Ìdíátù ní ó dáa. Ó lu igbá àyà bó ṣe ń sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀, Àdìgún, tó ti lọ ra ẹ̀pà ní Gusau báyìí, ní kó máa rọra ṣèlérí. Ìdíátù ní kí ni òun fẹ́ rọra fún.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú ni pé ó mọ̀. Sàlíhù, ọkùnrin Kano tó wá gbé ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀, ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé irin tuntun ní láti jókòó. Ó ní bó bá ti ṣiṣẹ́ tí ara rẹ̀ gbóná dáadáa, kí wọ́n pa á, kí wọ́n ṣí kílọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì ńlá àárín rẹ̀ le, nítorí yóò ti dẹ̀. Kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tún pa á, kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì náà yẹ̀ wò. Ìyá Àdìgún ní, "To, madalla," bí ẹni pé ó gbà, ó wá yíjú sí Ìdíátù pé ọjọ́ kejì ni wọn yóò ṣe gbogbo ìyẹn. Ìdíátù kò jiyàn. Ó rò pé kò sí bí ẹ́ńjìnnì tuntun yóò ṣe jẹ́ tí kò ní lè fara da ọjọ́ kan péré. Ibi tó ti ṣì í nìyẹn.

Kọ̀, kọ̀, kọ̀.

Ó ké sí Raliat, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta fúrá, pé kó bá òun máa da ọkà. Raliat gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n dáadáa, ó dúró sídìí ọlọ. Ìdíátù gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára, ó lọ sábẹ́ dongoyaro níbi tí Ìyá Àdìgún jókòó sí lórí àpótí, tó ń ka tẹ̀sùbáà, tó ń gba kíkí lọ́wọ́ àwọn èrò. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú oríire."

"Oríire á kárí wa. Ta lo fi sídìí ẹ́ńjìnnì?"

"Raliat ni. Ìyá, kílọ́ọ̀ṣì ti ń dún. Nọ́ọ̀tì tí Sàlíhù sọ ti dẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ yọ̀ǹda fún mi kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n fún un le. Kò ní pẹ́."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Ìyá Àdìgún. "Pa kí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì, Ìyá."

"Lónìí?"

"Ní báyìí, Ìyá. Kílọ́ọ̀ṣì kò ṣeé ṣí bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí."

"Àmọ̀kẹ́, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Ohùn ìyá náà wálẹ̀. "O ò bá ọkọ mi láyé. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló da owó pọ̀ ra lọ́rì. Tuntun ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán gbinrin. Ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ ná Kano, kò kọjá Dogarawa tó fi dákẹ́. Àwọn èèyàn yí i ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé nǹkan ẹ̀rín ni. Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tí mo fi di opó. Láti ìgbà náà, ohun tuntun kan kò dákẹ́ nílé mi rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Àmọ̀kẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ."

Ìdíátù ti gbọ́ ìtàn lọ́rì náà lẹ́nu ẹlòmíràn, àmọ́ kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó ni ín. Àánú ìyá náà ṣe é.

"Ìyá, lọ́rì yẹn, ṣé wọ́n pa á ni, àbí ó kú fúnra rẹ̀?"

"Ó kú fúnra rẹ̀ ni. Ta ni yóò pa á lójú ọ̀nà?"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Bí a kò bá pa ẹ́ńjìnnì yìí, yóò kú fúnra rẹ̀. Bó bá sì kú bẹ́ẹ̀, ó lè má jí mọ́."

Ìyá Àdìgún wò ó títí. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bí ẹni pé yóò gbà. Lẹ́yìn náà ó mirí.

"Ṣáà fọgbọ́n lò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Máa fi àdúà sí i."

"Ó dáa, Ìyá," ni Ìdíátù wí. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló wí i.

Nígbà tó fi padà, Wahab ti dé. Ó gbé bàsíkùlù rẹ̀ ti ògiri, ó ń jẹ ìrèké, ó ń tẹ́tí sí kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń gbọ́ orin.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ ń wúkọ́."

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Kò wúkọ́. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló dẹ̀."

"Nọ́ọ̀tì tuntun? Tuntun kì í dẹ̀. Èmi tí mo ti ń tún bàsíkùlù ṣe látọjọ́ yìí ni mò ń sọ fún ọ. Ẹni tó bá ti fi sípánà kan ohun tuntun ló ń bà á jẹ́."

"Bàsíkùlù tiyín ń lọ ọkà ni?"

Raliat fi ọwọ́ bo ẹnu. Wahab fẹ́ bínú, kò rí i bí, ló bá rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí nìyẹn, nǹkan kì í pẹ́ nínú rẹ̀. "Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu," ó wí. "Bó bá ti dákẹ́, mo ti wà níbí." Ó wá jókòó sórí odó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, bí àrólé tó ń retí ogún.

Ìdíátù bojú wo kílọ́ọ̀ṣì. Kò kan ń dún mọ́, ó ti ń mì. Bí ó ṣe ń mì ni bẹ́líìtì ń rìn lọ sí etí, ó ń gbọn ara rẹ̀ pá-pá-pá, ó kù díẹ̀ kó bọ́. Bẹ́líìtì kan ti bọ́ rí nílé Bàbá Oyèbámijí lójú Ìdíátù. Ògiri ló bá, ògiri náà sì lanu. Ó wá wo iwájú bẹ́líìtì tiwọn yìí, Raliat ló dúró síbẹ̀, tòun tọmọ lẹ́yìn.

"Raliat, kúrò níbẹ̀! Kúrò!" Ó yí sí àwọn èrò. "Ku ja baya! Gbogbo yín, ẹ sún sẹ́yìn!"

Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Àwọn obìnrin gbá igbá wọn mú, wọ́n tú ká. Ìdíátù ti ọ̀pá kílọ́ọ̀ṣì kí ọlọ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, eré ọlọ sì ń rọlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di irin kékeré tó ń dá epo dúró mú. Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Àdìgún ti dìde lábẹ́ igi, ó na ọwọ́ síwájú, ẹnu rẹ̀ ń sọ ohun tí kò sẹ́ni tó gbọ́. Ìdíátù mọ ohun tí òun fẹ́ pàdánù. Ó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì náà dé ọkàn. Ó fa irin náà.

Ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀, ó tún mí, ó dákẹ́.

Bí etí wọn ṣe là nìyẹn. Wọ́n gbọ́ rélùwéè tó ń fọn fèrè ní ìdíkọ̀, wọ́n gbọ́ ewúrẹ́, wọ́n gbọ́ ọmọ Raliat tó ń sunkún. Gbogbo wọn ló mọ àṣà ilé náà. Wahab dìde lórí odó, kò tilẹ̀ yọ̀ bí ó ṣe rò pé òun yóò yọ̀.

"Ó tán," ó wí. "Ìyàwó, o gbọ́ ohun tí Ìyá sọ. Mú hándù tí wọ́n fi ń jí i wá."

"N ó fún yín, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ ná. Mi ò ní gbé ẹ́ńjìnnì aláìsàn fún yín."

Ó mú sípánà, ó ká aṣọ mọ́ ọwọ́ nítorí irin náà gbóná, ó tú ìdérí kílọ́ọ̀ṣì. Kò fi sípánà kan nọ́ọ̀tì àárín. Ìka méjì ló fi yí i, ó sì yí.

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Wahab bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó tún yí i, ojú rẹ̀ yí padà. "Yéè! Ó dẹ̀ lóòótọ́. Díẹ̀ ló kù kó jábọ́."

"Tuntun kì í dẹ̀, àbí kí lẹ wí?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èrò, jọ̀ọ́." Ó fẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ló bá dúró. Ìka rẹ̀ ń dán. Ó fi ìka ra ìka, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kí nìyí? Òróró! Ta ló fi òróró sínú kílọ́ọ̀ṣì? Wo bẹ́líìtì náà, ó ń yọ̀ lẹ́yìn bí ẹja! Kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa nídìí bíréékì bàsíkùlù pé ibi tí irin ti ń di nǹkan mú, a kì í fi òróró débẹ̀. Nọ́ọ̀tì dẹ̀, mo gbà. Èyí ńkọ́? Ìwọ lẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ lo ṣe é!"

Òótọ́ ni Wahab sọ. Ìdíátù fi ìka kan bẹ́líìtì, ó gbé e sí imú. Òrí ni. Kì í sì í ṣe òrí kan ṣáá, kànáfùrù wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń po òrí mọ́ kànáfùrù báyìí nílé wọn. Inú ọyẹ́, ìyá yẹn ló ń fi pa gbogbo wọn, ọmọ, ọmọ ọmọ, ìyàwó ilé, ẹni tó fẹ́ àti ẹni tó kọ̀. Gbogbo òórùn àárọ̀ yìí wá yé Ìdíátù. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń dín nǹkan. Òrí ló ń jóná lára kílọ́ọ̀ṣì, òun ló sì ń jẹ́ kó máa yọ̀ dípò kó di bẹ́líìtì mú, tí ara rẹ̀ fi gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó gbójú sókè. Ìyá Àdìgún ti dé ẹ̀yìn àwọn èrò. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí oúnjẹ nínú ààwẹ̀.

"Ìyàwó, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀," Wahab wí. "Ta ló fi òróró síbẹ̀?"

Ìdíátù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Èmi lẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ mi. Ohunkóhun tó bá ṣe é, èmi ni kí ẹ mú."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ti jẹ́wọ́!"

"Wahab, pa ẹnu ẹ dé."

Àwọn èrò yà fún Ìyá Àdìgún. Ó bọ́ síwájú, ó fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sí ọrùn ọwọ́, ó wo Wahab ọmọ rẹ̀, ó wo Ìdíátù, ó wá wo bẹ́líìtì.

"Òrí tèmi nìyẹn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo jáde wá wò ó. Ọyẹ́ ń fẹ́, awọ bẹ́líìtì gbẹ bí ètè mi. Mo ní bí ọyẹ́ yìí ṣe ń la wá lẹ́sẹ̀, òun náà yóò là. Mo bá fi òrí pa á. Ibi tó ń yí náà, mo fi pa ibẹ̀. Mo tilẹ̀ ń ṣàdúà fún un bí mo ṣe ń pa á." Ó mí. "Wahab, ó yá, gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ èmi náà. Tàbí kí n kó ẹrù mi ni?"

Raliat ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Kai, Iya!" ni obìnrin ará Dogarawa ké, gbogbo ìlà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà kò ní èébú nínú, àmọ́ ojú ti Ìyá Àdìgún, Ìdíátù sì rí i. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ tòun ti sípánà.

"Ìyá, bí abiyamọ ṣe ń ṣe ọmọ lẹ ṣe é. Àwa la ò sọ fún yín pé ọmọ yìí kì í pa òrí."

"Ṣé ó ti bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́. Ẹ fún mi ní eérú, ẹ fún mi ní kẹrosíìnì díẹ̀, kí ẹ sì bá mi bẹ ọkọ mi kó wá di kẹ̀kẹ́ ńlá yìí mú."

Wọ́n bu eérú wá láti ìdí àdìrò Raliat. Ìdíátù tú kílọ́ọ̀ṣì sí méjì, ó fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀ títí tí àkísà fi jáde láìdán. Ó nu bẹ́líìtì, ó fi eérú ra á látòkè délẹ̀ kí eérú lè mu òrí inú awọ, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò kánjú. Ẹnì kan lórí ìlà ní ṣé kò lè yára ni, òun fẹ́ se oúnjẹ ọ̀sán. Ìdíátù ní kí ẹni náà lọ jẹ ọkà rẹ̀ ní tútù bí kò bá lè dúró. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan nọ́ọ̀tì. Ó nu inú rẹ̀ mọ́, ó dá a padà, ó fi ọwọ́ yí i títí kò fi lọ mọ́. Wahab fi igi há kẹ̀kẹ́ ńlá ẹ́ńjìnnì, ó fi èjìká tì í kó má baà yí. Ìdíátù gbé sípánà ńlá kọ́ nọ́ọ̀tì náà, ó fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó fà. Ó sinmi, ó tún fà.

"Fà á sí i," Wahab wí.

"Ó ti tó. Bí mo bá fà á jù, yóò já. Wọ́n ń fún un le ni, wọn kì í fún un lọ́rùn pa."

Wahab wo ibi tí ọwọ́ Ìdíátù dúró sí. "Nígbà tó bá di pé apá rẹ ń gbọ̀n lo mọ̀ pé ó tó?"

"Ṣáájú kó tó gbọ̀n, ọkọ mi. N ó kọ́ yín, bí ẹ bá fẹ́."

"Ta ló sọ pé mo fẹ́?" Àmọ́ kò kúrò níbẹ̀.

Wọ́n dé ìdérí, wọ́n gbé bẹ́líìtì sípò. Ìdíátù ki hándù bọ̀ ọ́, ó yí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jẹ́ kó dúró dáadáa kó tó fa ọ̀pá kílọ́ọ̀ṣì. Kílọ́ọ̀ṣì di bẹ́líìtì mú, bẹ́líìtì gbé ọlọ, ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kò sí kọ̀. Kò sí òórùn. Àwọn obìnrin hó, wọ́n sáré padà sórí ìlà, wọ́n ń jà nítorí ẹni tó wà níwájú ẹni. Inú Ìdíátù dùn débi pé ó ń dá kọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán ṣe ń rọ̀, orin náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wahab sún mọ́ ọn, ó pariwo sí i létí.

"Sàlíhù ní kí a tún pa á, kí a tún yẹ̀ ẹ́ wò! Ṣé wàá tún lọ bá Ìyá?"

Ìdíátù bojú wẹ̀yìn. Ìlà ṣì gùn, òòrùn ṣì wà lókè. Ìyá Àdìgún ti gbé àpótí rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi, ó ti wá jókòó ní tòsí ẹ́ńjìnnì. Kò sọ pé òun gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ Ìdíátù, kò sọ pé òun fi í sílẹ̀ fún un. Láti pa á lẹ́ẹ̀kan, wàhálà mú un wá, ó ṣeé forí jì. Kí ènìyàn tún mọ̀ọ́mọ̀ pa á, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ geere, lójú ìyá tó ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, ìyẹn ńkọ́?

"N ó sọ fún wọn," ó dáhùn. "Nọ́ọ̀tì kò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí."

Ó fa ọwọ́ kúrò lẹ́nu ọlọ, ó yíjú. Ìyá Àdìgún ti dìde, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àmọ̀kẹ́!" ìyá náà pariwo. "Sàlíhù ní kí a tún pa á! Ṣé kò tíì tó àkókò ni?"

Ìdíátù rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ìyá?"

"Mo ní ṣé kò tíì tó àkókò! Mo ti ń wò ọ́ látàárọ̀, o ń wojú mi. Yé wojú mi, wo ẹ́ńjìnnì rẹ! Níbo ni wọ́n ti ń pa á?"

Ìdíátù ti ọ̀pá kílọ́ọ̀ṣì, ó sì na ìka sí irin kékeré náà. Ìyá Àdìgún ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Raliat mú ọwọ́ lé orí. Àwọn tó wà níwájú ìlà rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, wọ́n dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ń lọ sẹ́yìn títí dé abẹ́ dongoyaro.

"Bísímílàhì," ni Ìyá Àdìgún wí, ó fa á.

Ẹ́ńjìnnì mí, ó dákẹ́. Ìyá Àdìgún kò fi irin náà sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó dijú, ó ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà bí ẹni tó ń retí kí nǹkan wó. Nǹkan kan kò wó. Ọmọ Raliat ń rẹ́rìn-ín sí ìyẹ̀fun. Obìnrin ará Dogarawa ń bá ẹnì kan jà ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nítorí àyè lórí ìlà.

Ìyá náà lajú, omi wà níbẹ̀, kò nù ún.

"Wahab," ó wí, "bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹlẹ́ńjìnnì ráyè ṣiṣẹ́. Àmọ̀kẹ́, mú sípánà rẹ."